Ọjọ́ Tí Gbogbo Wa Di Òǹwòran

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Kejì,
                                        Ilé Onígéètì Búlúù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́ irun? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń wú ọ nígbà tí o bá dúró pẹ́ sídìí orí oníbàárà ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ wọn ti lọ? Àwọn ọmọ mi méjèèjì ńkọ́? Èyí tó máa ń gé èkejì rẹ̀ jẹ, ṣé ó ti jáwọ́ níbẹ̀, àbí eyín rẹ̀ ṣì ń wá ẹran kiri? Mo kí gbogbo yín pátá. Bí o bá bi mí pé èmi náà ńkọ́, màá ní a wà, torí ohun tí èèyàn máa ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni màá purọ́ fún. N kò wà dáadáa rárá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ dípò kí n pè ọ́. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o ṣe ní "Ìyàwó, báwo ni?" báyìí ni mo pa fóònù náà. Mo mọ̀ pé o rò pé ọmọ ló tẹ̀ ẹ́. Ó kéré tán, bí mo bá ń fi bíró sọ̀rọ̀, o kò ní gbọ́ ohùn mi.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò lórúkọ. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lónìí, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ní yé ọ. Ní ilé ìwòsàn wa, gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní wáyà nídìí: ti ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ti lábù, ti ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, ti ilé oògùn. Gbogbo wáyà yìí ń gba inú àjà lọ parí sí yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú àpótí irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò méjìdínláàádọ́ta. Súìṣì ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe súìṣì iná ara ògiri o. Bí èsì àyẹ̀wò bá jáde ní lábù, àpótí yẹn ló mọ dókítà tó yẹ kó gbé e fún. Àwọn iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé á máa ṣẹ́jú lójú rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn púpọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èèyàn lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó wọ inú àpótí náà lọ, kó sọ fún un pé ihò báyìí kò gbọdọ̀ bá ihò báyìí sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì máa gbọ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fi ń wọlé síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Wáyà gbàgbé ìgò ojú wọn sílé, wọ́n sì ń fi ojú wá bébà náà kiri. Màmá Agbálẹ̀ tó ń nu ilẹ̀ lẹ́yìn wa kò tiẹ̀ gbé orí sókè tí wọ́n fi ka ọ̀rọ̀ aṣínà náà látòkè délẹ̀, tó fi mọ́ nọ́ńbà tó wà níparí rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí a fi ń di ògiri mú. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ẹnì kan láti ilé ẹrù wọ inú àpótí lọ nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀, tó tẹ ohun tí kò yé e, tí ibi àwòrán egungun sì dákẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Ìgbà náà ni alákòóso ilé ìwòsàn wa, obìnrin kan tí kì í pariwo, sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí olúkúlùkù máa fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, kí a sì pín gbogbo wa sí ẹgbẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ kìíní ni Òǹwòran. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè wọlé, ó lè rí ihò tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti kú, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹgbẹ́ kejì ni Atúnṣe, èmi àti ọ̀gá nìkan la máa wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì tó wà ní ọ́fíìsì wa nìkan ni àpótí á sì máa dá lóhùn. Kọ̀ǹpútà mìíràn tó bá kan ilẹ̀kùn, kó kàn án títí.

Èmi ni ọ̀gá gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n ní, "Ìyá Ọmọ, ìwọ nìkan ni kó o ṣe é. N kò ní bá ọ jókòó. Èyí ni màá fi sọ fún wọn lókè pé o ti tó."

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ ohun tí "o ti tó" yẹn jẹ́ fún mi. Oṣù mẹ́ta ìdánwò mi ń parí lónìí, ọjọ́ Ẹtì. Ilé ìwòsàn wa ní yàrá kan nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ àwọn òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti gbà wọlé pátápátá ló ni àǹfààní rẹ̀. Wọ́n kàn ṣàánú mi ni wọ́n fi gba Olójú Ńlá mi síbẹ̀ fún oṣù ìdánwò. Bí wọ́n bá gbà mí, ọmọ mi á máa wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, màá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ fún un lọ́mú. Bí wọn kò bá gbà mí, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi. Kò síbi mìíràn. Ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà lójú pópó wa kì í gba ọmọ tí kò tíì rìn, oṣù méje sì ni tèmi. Bàbá rẹ̀ ń wa lọ́rì, ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà kí a tó rí i.

Nítorí náà, mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yẹn. Mo kọ gbogbo ohun tí màá ṣe sórí ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kí n lè máa fa bíró sí èyí tí mo bá ṣe tán. Ìlànà kan sì wà tí ọ̀gá ti kọ́ mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí o bá ti yí ilẹ̀kùn àpótí padà, o kò gbọdọ̀ jáde. Jókòó sínú ibi tí o wà, ṣí fèrèsé kejì lójú kọ̀ǹpútà, kí o sì gbìyànjú láti wọlé lákọ̀tun láti ibẹ̀ bí àlejò. Bí fèrèsé kejì bá wọlé tó sì lè ṣiṣẹ́, nígbà náà ni o tó lè ní kí àpótí fi í pa mọ́ sínú orí rẹ̀. Bí kò bá wọlé, o ṣì wà nínú ilé, wàá tún un ṣe. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á kàn yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Fèrèsé kejì dà?" Èmi náà á ní, "Ó wà, sà." Ojoojúmọ́ ni, ó ti dà bí ìkíni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọ̀gá ti lọ bá àwọn ará lábù palẹ̀ mọ́, torí wọ́n ń kó lọ sí yàrá tuntun lọ́jọ́ náà, aago méjì ni wọ́n sì fẹ́ tan ẹ̀rọ wọn níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ kó orúkọ gbogbo wa sínú ẹgbẹ́ Òǹwòran, èmi àti ọ̀gá náà. Ohun tó kàn ni kí n mú orúkọ àwa méjèèjì kúrò níbẹ̀, kí n kó o sí ẹgbẹ́ Atúnṣe. Mo fa bíró sí ìlà yẹn báyìí ni fóònù mi dún. Màmá Yàrá Ọmọ ni. Wọ́n ní Olójú Ńlá kọ ìgò, ó ti ń ké láti bí wákàtí kan, ohùn rẹ̀ ti há.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó rí mi, ó dákẹ́, ó fi ojú ńlá rẹ̀ yẹn wò mí bí ẹni pé kí ló tiẹ̀ mú mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ gbóná díẹ̀. Mo fún un lọ́mú, mo gbé e fún wọn padà, ó tún bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ni mo gbé lọ́kàn gun àtẹ̀gùn. Mo jókòó, mo wo ìwé mi, mo rí i pé bíró ti fa ìlà. Ṣé o rí i? Bíró ti fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì ṣe é. Mo bọ́ sórí ìlà tó kàn. Mo pa ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ rẹ́. Mo so gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ náà, títí kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí èèyàn ti lè ki wáyà bọ àpótí lẹ́nu tààrà. Mo ní kò sí ibi tí màá ṣí sílẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ iṣẹ́.

Ó ku fèrèsé kejì. Fóònù tún dún, Màmá Yàrá Ọmọ ni. Mo rò pé ara rẹ̀ ti gbóná sí i ni. Mo ní kí àpótí fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́, mo pa ojú kọ̀ǹpútà dé, mo bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Àárín àtẹ̀gùn ni mo ti gbé fóònù náà.

Wọ́n ní, "Má dààmú mọ́ o, mo kàn ní kí n sọ fún ọ ni. Ó ti sùn."

Ó ti sùn. Nítorí ọmọ tó sùn ni mo ṣe pa fèrèsé dé.

Ara tù mí nígbà náà o, mo tiẹ̀ jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó di aago kan ààbọ̀, ọ̀gá wọlé, àwọn ọkùnrin lábù méjì sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fẹ́ ṣí ihò tuntun fún lábù. Wọ́n fi orúkọ wọn wọlé, àpótí sì kí wọn káàbọ̀. Wọ́n tẹ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àpótí ní wọn kò láṣẹ. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n ní kí n fi tèmi wọlé. Ohun kan náà ló sọ. A gbé wáyà, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, a ki wáyà náà bọ àpótí lẹ́nu, ó tún kí wa káàbọ̀ dáadáa, ó sì tún ní a kò láṣẹ. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Èrò kún ẹgbẹ́ Òǹwòran, kò sí ẹyọ ẹnì kan ní ẹgbẹ́ Atúnṣe. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, kò sí ẹni tó lè ṣe ju kó wòran lọ.

Bàbá Wáyà yọ ìgò ojú wọn, wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ún. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Fèrèsé kejì dà?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mi ò dá wọn lóhùn nìyẹn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. A ní láti yọ iná àpótí náà, kí a tún un tàn, kí a sì tẹ bọ́tìnnì kan lójú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń jí, kó lè gbàgbé gbogbo òfin tó wà lórí rẹ̀, ti ilẹ̀kùn àti ti ihò. Ṣùgbọ́n bí àpótí bá kú, gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn á fọ́jú. Ọ̀gá lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ alákòóso, wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú ni. Ogún ìṣẹ́jú ọ̀hún di wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀dà òfin tí ọ̀gá tọ́jú ti pẹ́, kò ní àtúnṣe tí a ṣe fún ibi àwòrán egungun nínú. A wá ń tò wọ́n padà ní ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń ka nọ́ńbà.

Ìyá Ìbejì, o kò lè mọ bí wákàtí kan ṣe gùn tó. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré gbé bébà kiri. Màmá Agbálẹ̀ gbé garawa wọn sílẹ̀, wọ́n ń bá lábù gbé èsì lọ fún àwọn dókítà, ẹnì kankan kò sì bẹ̀ wọ́n. Apòògùn yọ orí lójú fèrèsé rẹ̀, ó pariwo sí mi níṣojú gbogbo èrò: "Ẹ̀yin oníwáyà, ṣé ẹ jẹ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ búrẹ́dì ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣe bí ẹni rẹ́rìn-ín. Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ rẹ̀ sùn lé e léjìká, ó ń dúró de èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ló máa ń bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó kù díẹ̀?" Ó rò pé mo wà lára àwọn tó ń tún un ṣe ni. Kò mọ̀ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ohun burúkú kankan kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú bàbá yẹn ni mo ń rí bí mo bá ti pa ojú dé.

Lánàá, Ọjọ́bọ̀, alákòóso pè mí. Ọ̀gá bá mi lọ, wọ́n gbèjà mi débi tí ojú ń tì mí. Wọ́n ní iṣẹ́ náà mọ́, ìlà kan ṣoṣo ni mo fò. Alákòóso ní, "Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ láìdán an wò?" Orúkọ ọmọ mi dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ ọmọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ló ń dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní kúrò nínú ìwé mi mọ́. Mo ní, "Mo gbàgbé ni, mà."

Wọn kò lé mi. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta mìíràn kún ìdánwò mi. Wọ́n ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú Atúnṣe, kí wọ́n fi í sí Òǹwòran. Ti yàrá ọmọ, wọ́n ní oṣù mẹ́ta ni ojú àánú tí wọ́n fi gbà á, ó sì ti pé. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀gá ní kí èmi fúnra mi ṣe é, torí iṣẹ́ mi ni. Mo jókòó, mo yọ orúkọ mi kúrò ní ibì kan, mo kọ ọ́ sí ibi kejì. Mo ṣí fèrèsé kejì, mo wọlé láti ibẹ̀. Mo rí gbogbo ihò méjìdínláàádọ́ta, mo gbìyànjú láti yí ọ̀kan padà, àpótí ní n kò láṣẹ. Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Fèrèsé kejì dà?"

"Ó wà, sà."

Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n sì jáde. Wọ́n gbàgbé ìgò ojú wọn sórí tábìlì mi.

Ọ̀la, Àbámẹ́ta, ìyá ọkọ mi á fi bọ́ọ̀sì àárọ̀ wá mú Olójú Ńlá. Wọ́n ti pè mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má sunkún, ṣé èmi kọ́ ni mo tọ́ bàbá rẹ̀ ni?" Inú wọn ń dùn, wọn ò sì lè fi í pa mọ́. Wọ́n ti rán kọ́tìnnì tuntun fún yàrá tó máa sùn. N kò lè bínú sí wọn, ìyẹn gan-an ló ń dá mi lágara. Ọkọ mi ní oṣù mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Mo ní kó ka oṣù mẹ́ta kúrò lára oṣù méje kó sọ ohun tó kù fún mi. Mo ṣe àṣejù, mo mọ̀, òun náà ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí oṣù mẹ́ta á fi pé, ó lè ti rìn. Ó lè ti máa pe ẹlòmíràn ní màmá. Ọmú mi á sì ti gbẹ.

Ìyá ọkọ mi ní ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa gbé e síwájú fóònù kí n lè rí i. A ti dán an wò rí nígbà tí mo rìnrìn-àjò. Kì í wo ojú mi nínú fóònù, etí fóònù ló máa ń wò, ó fẹ́ fi í bọ ẹnu. Màá máa rí i, bó bá ń ké n kò ní lè gbé e.

Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí gan-an nìyí. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ àti ilé ìyá ọkọ mi. Jọ̀ọ́, bó bá di ọjọ́ Àìkú, lọ síbẹ̀. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ, sọ pé o wá kí wọn kú àlejò ni. Gbé e. Kì í fẹ́ kí wọ́n gbá a nídìí, ẹ̀yìn ni kí o máa fọwọ́ rọra gbá, kí o sì máa fi imú kọrin, láìya ẹnu. Bó bá yí orí sí apá òsì tó ń fi ẹnu wá nǹkan, ebi kọ́ nìyẹn, oorun ni. Wo ẹ̀yìn etí rẹ̀ ọ̀tún fún mi, ara rẹ̀ máa ń pọ́n níbẹ̀. Kí o sì kọ ọ́ sí mi bó ṣe rí, òótọ́ rẹ̀, ì báà má dára. Ìyá ọkọ mi á máa ní "ó wà dáadáa" ni, torí wọn ò fẹ́ kí n máa ronú. Ìwọ ni fèrèsé kejì tí mo ní.

Mo ti di ẹrù rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo fa bíró sí i. Lẹ́yìn náà ni mo tú àpò náà ká sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo fi ọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: aṣọ mẹ́fà, fìlà méjì, ìgò mẹ́ta, oògùn ibà, aṣọ ìnura tó ní àmì pẹ́pẹ́yẹ. Ó pé. Mo tún un tú, mo tún un kà. Ó ṣì pé.

Kí Bàbá Ìbejì fún mi. Fi ẹnu kan àwọn ọmọ mi méjèèjì lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi, kí o sọ fún ẹlẹ́yín pé màá wá gba tèmi. Bí o bá rí ìyá mi lójú ọ̀nà, má sọ nǹkan kan fún wọn, èmi fúnra mi á sọ ọ́.

Olójú Ńlá ti jí. Kò ké, ó kàn dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò rẹ̀, ó ń wò mí. Jẹ́ kí n lọ gbé e, mo ṣì lè gbé e lónìí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí ọjọ́ Àìkú,
Ìyá Olójú Ńlá.